AnkiDroid lọ́wọ́ ọmọ tó ń múra àtilọ kàwé ní Jámánì

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, tó ń fojú sọ́nà fún yunifásítì ní Jámánì, èdè ni ẹrù tó wúwo jù lórí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, WAEC nìkan kì í gbé èèyàn wọ yunifásítì níbẹ̀ tààrà. Studienkolleg, ilé-ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ọlọ́dún kan, ni wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ, B1 tàbí B2, ìyẹn ìpele àárín nínú òṣùwọ̀n èdè tó lọ láti A1 dé C2, sì ni ìwọ̀n èdè Jámánì tí wọ́n sábà máa ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí Goethe-Institut, àjọ tó ń kọ́ni ní èdè Jámánì, gbé jáde fún ìdánwò B1 tó nǹkan bí 2,400 ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní òun á máa kọ wọ́n sínú ìwé lásán, tí ó bá fi dé ọ̀rọ̀ 500, ìdajì àwọn àkọ́kọ́ á ti fò lọ. Iṣẹ́ yìí gan-an ni AnkiDroid, áàpù káàdì tí a fi ń há ọ̀rọ̀ sórí, wà fún. Ó tayọ nínú rẹ̀, tí ẹ bá tò ó bó ṣe yẹ. Bó ṣe wà nígbà tí ẹ gbé e wálẹ̀, kò tíì dára tó.

Anki lorúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Damien Elmes ló ṣe é, ó sì ti wà láti 2006. AnkiDroid ni ti fóònù Android. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kò sí ìpolówó ọjà nínú wọn, kò sì jẹ dátà nígbà tí ẹ bá ń kàwé lórí rẹ̀. Ti iPhone ni wọ́n ń ta ní dọ́là 24.99, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa san án. Àwọn áàpù kan wà tí orúkọ wọn jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí wọn ò bá a tan, nítorí náà AnkiDroid gan-an ni kẹ́ ẹ wá.

Káàdì olójú méjì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ojú ìbéèrè, ẹ dáhùn sókè, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sì tẹ ọ̀kan nínú bọ́tìnì mẹ́rin: Again, Hard, Good, Easy. Èyí tí ẹ mọ̀ á lọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà wá, lẹ́yìn náà á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ gbàgbé á padà láìpẹ́. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì fúnra rẹ̀, ti tẹ ìwé jáde lórí bí ohun tí a há sórí ṣe ń yára jò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí jíjò náà á sì máa dín kù bí a ṣe ń tún un wò. Ìṣirò yẹn ni áàpù yìí ń bá yín ṣe.

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù wà lórí bọ́tìnì Hard. Ọmọ á gbàgbé ọ̀rọ̀, ojú á tì í láti tẹ Again, á wá tẹ Hard. Ohun tí Hard ń sọ fún áàpù ni pé "mo rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó le." Áàpù á gbà á gbọ́, á gbé káàdì náà jìnnà, ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ á sì sọnù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òun. Ohun tí ẹ bá gbàgbé, ẹ tẹ Again. Ẹni tó bá fi Again àti Good nìkan ṣe gbogbo rẹ̀ ò pàdánù ohunkóhun.

Ẹ ṣí Deck options, ibi tí a ti ń to àkójọ káàdì, kẹ́ ẹ tó fi káàdì kankan sí i. Ẹ tan FSRS, ìyẹn ètò ìṣirò tuntun tó wọ inú Anki ní 2023, kẹ́ ẹ sì fi Desired retention, ìwọ̀n ohun tí ẹ fẹ́ máa rántí, sílẹ̀ ní 0.90. Ẹni tó bá gbé e sí 0.97 torí pé kò fẹ́ gbàgbé rárá, iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ á di ìlọ́po. Lẹ́yìn náà, káàdì tuntun: 20 lójúmọ́ ni wọ́n fi sí i, ẹ sọ ọ́ di 10. Ọ̀sẹ̀ kìíní ò ní fi ìdí rẹ̀ hàn yín, torí 20 á dà bí eré. Ṣùgbọ́n tó bá yá, káàdì tuntun kan lójúmọ́ máa ń fa àtúnyẹ̀wò bíi 7 sí 10 lójúmọ́. Ẹni tó ń mú 20 á wá bá 150 sí 200 nílẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ju fóònù sílẹ̀. Pẹ̀lú 10, ọ̀rọ̀ 2,400 gba ọjọ́ 240, ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Irú káàdì kan wà tó ń bi yín láti ìhà méjèèjì. Ẹ mọ̀ pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan di káàdì méjì, oṣù mẹ́jọ á sì di mẹ́rìndínlógún. Láti Yorùbá sí Jámánì nìkan ti tó. Ìhà yẹn ló le, òun náà sì ni ẹnu nílò.

Àkójọ káàdì tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí AnkiWeb, ojúlé Anki lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn. Kí ọmọ Yorùbá ṣe tirẹ̀ ló dára jù, kì í sì í ṣe torí ìfẹ́ èdè nìkan. Ẹ wo "you" ti Gẹ̀ẹ́sì: Jámánì ní du (ìwọ), ihr (ẹ̀yin tí ẹ pọ̀) àti Sie. Ìwọ àti ẹ̀yin wa ti mú yín dé ààrin ọ̀nà, torí Sie ni ẹ̀yin tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ wo leihen: "Kannst du mir 10 Euro leihen?" ni "Ṣé o lè yá mi ní 10 Yúrò?", nígbà tí "Ich leihe mir ein Fahrrad" jẹ́ "Mo ń yá kẹ̀kẹ́." Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà, gẹ́gẹ́ bí yá tiwa. Gẹ̀ẹ́sì á pín in sí méjì, á sì dà yín láàmú lásán. Tàbí warten auf: "Ich warte auf den Bus", mo ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ lo káàdì Cloze, gbólóhùn tí a bo ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, fún irú èyí, kẹ́ ẹ bo auf nìkan mọ́lẹ̀, torí pé auf yẹn lèèyàn máa ń gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kankan ò gbọdọ̀ wọ káàdì láìní der, die tàbí das lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tó ń fi ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ orúkọ hàn. Yorùbá ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ lè fi méfò. Der See ni adágún, die See ni òkun. Ẹ kọ bí a ṣe ń pè é tó bá ju ẹyọ kan lọ (plural) náà tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá dáhùn ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ṣi der rẹ̀, Again ni.

Ẹ so ohùn mọ́ káàdì. Wiktionary ti èdè Jámánì, ìwé atúmọ̀ èdè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ohùn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn fáwẹ́lì kan tó ń da ọ̀pọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì láàmú ti wà lẹ́nu wa: Sohn gba o tó gùn, Sonne gba ọ, See gba e, Bett gba ẹ. Fún ü, ẹ fẹ́ pe i, kẹ́ ẹ wá ká ètè bí ẹni ń pe u. Fún ö, e ni kẹ́ ẹ fi ètè o pè. Ẹni tí kò bá ká ètè á sọ schön, tó túmọ̀ sí rírẹwà, dà bí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìṣòro tiwa gan-an wà nínú ìró v àti ìró z tí Yorùbá ò ní. W wọn ń dún bíi v, s tó bá ṣíwájú fáwẹ́lì ń dún bíi z, j wọn sì ni y tiwa. Ọ̀rọ̀ bíi Herbst, ìgbà ìwọ́wé, á máa fẹ́ gba fáwẹ́lì sáàárín lẹ́nu wa. Ẹ pè é sókè nígbàkigbà tí káàdì rẹ̀ bá jáde.

Áàpù yìí ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ, àléébù rẹ̀ tó tóbi jù nìyẹn. Ìdánwò B1 ti Goethe ní apá mẹ́rin: Lesen (kíkà), Hören (gbígbọ́), Schreiben (kíkọ), Sprechen (sísọ). 60 nínú 100 lẹ gbọ́dọ̀ gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, apá tí ẹ bá sì fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nìkan lẹ lè tún ṣe. Anki á gbé yín dé ibi tó dára nínú Lesen, á ran Schreiben lọ́wọ́ díẹ̀. Fún Hören, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Deutsche Welle, ilé-iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ Jámánì, láti A1 dé B1 dára púpọ̀. Sprechen ń fẹ́ èèyàn tó ń dá yín lóhùn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Káàdì tí ẹ bá gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹjọ, áàpù á fi àmì leech sí i, ó sì lè yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má kàn dá a padà. Ẹ tún un kọ, ẹ fi sínú gbólóhùn, torí káàdì yẹn ló burú. Tí iná tàbí àìsàn bá jẹ́ kẹ́ ẹ fò ọjọ́ mélòó kan, tí 300 sì ń dúró dè yín, ẹ sọ káàdì tuntun di 0, ẹ máa ṣe 80 lójúmọ́ títí á fi tán. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò, ẹ tún sọ ọ́ di 0, kí àkókò yẹn lè jẹ́ ti Sprechen.

Kí ọmọ tó wọkọ̀ òfúrufú, kó tẹ Sync lórí fóònù rẹ̀ kí gbogbo káàdì lè wọ AnkiWeb. Tó bá dé Jámánì tó ra fóònù mìíràn, tí áàpù sì bi í pé èwo ni kó pa mọ́, ti AnkiWeb ni kó mú. Tó bá mú ti fóònù tuntun, òfìfo ló máa rọ́pò iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ.