Ẹ ṣọ́ra o, wọ́n ń ta dongle wáì-fáì ayédèrú, wọ́n á tún gbowó "driver" lé e lórí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá dongle wáì-fáì rà (ohun kékeré tá a máa ń kì bọ ojú USB kí kọ̀ǹpútà lè gba wáì-fáì), pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Ubuntu àbí Linux mìíràn dípò Windows, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni. Jìbìtì kan ń lọ báyìí, kì í ṣe orí dongle yẹn gan-an ni wọ́n ti ń rówó jù, owó "driver" tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ẹ̀ ni, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe máa lo ohun tá a kì bọ̀ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á kọ AC1300 (orúkọ ìpele eré wáì-fáì) gàdàgbà sára páálí, dual band (ìyẹn 2.4GHz àti 5GHz pọ̀), 5GHz, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, gbogbo ẹ̀ á máa dán yanran, àmọ́ chip tó wà nínú ẹ̀, RTL8188 ti Realtek ni, chip àtijọ́ tí ò mọ nǹkan kan ju 2.4GHz lọ, tí gbogbo eré ẹ̀ lórí ìwé ò ju 150Mbps. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, wáì-fáì 5GHz ilé yín ò ní yọjú rárá. Tẹ́ ẹ bá wá pe òǹtajà, kò ní bá yín jà o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló máa dá yín lóhùn, á ní kernel yín (ọkàn Linux gan-an) ló níṣòro, driver ò wọlé dáadáa, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù wá.

Bàbá kan tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ládùúgbò wa ló ṣe é fún. Òǹtajà náà ní, "Alhaji, ẹ má bínú sà, Linux yín ló ti gbó, màá bá yín tún kernel ẹ̀ ṣe." Bàbá sanwó, owó driver yẹn sì fẹ́ẹ̀ tó owó dongle fúnra ẹ̀, ló bá fi fáìlì zip kan ránṣẹ́ sí wọn, ó ní kí wọ́n pa Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí ètò tí wọn ò fọwọ́ sí wọlé nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan), kí wọ́n wá fi sudo (àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà) ṣí install.sh tó wà nínú ẹ̀. Kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí Bàbá gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi tí mo tú zip yẹn wò, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, driver 8188eu ni, èyí tó wà lófẹ̀ẹ́ lórí GitHub, ìkànnì táwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí! Ẹni tó ń búra pé AC1300 lòun tà, driver RTL8188 ló gbowó lé lórí. Ẹ̀rí wo la tún ń wá? Kernel tuntun ò tiẹ̀ nílò ẹ̀ mọ́, láti 6.3 ni driver rtl8xxxu tó ti wà nínú kernel ti ń gbé RTL8188EU.

Ìgbà tí Bàbá pè é padà, ó ní kí wọ́n lọ dán an wò lórí Windows pẹ̀lú CD inú páálí. Lóòótọ́, Device Manager (ibi tí Windows ti ń to ohun tó wà lára kọ̀ǹpútà) kọ AC1300 síbẹ̀. Kíyẹn má tàn yín o, inú fáìlì INF tó bá driver wá ni Windows ti ń mú orúkọ yẹn, ohun tó bá wu ẹni tó ṣe fáìlì ló lè kọ síbẹ̀, tó bá kọ jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ni Windows máa kà fún yín.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání lọ rà á. Níwájú òǹtajà, ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ ṣí terminal, ẹ tẹ lsusb (àṣẹ tó ń to gbogbo ohun tó wà lójú USB), ẹ má wo orúkọ, nọ́ńbà ID ni kẹ́ ẹ wò. 0bda ni ti Realtek. Tẹ́ ẹ bá rí 0bda:8179, RTL8188EU nìyẹn, 0bda:f179 náà, ara ilé kan náà ni, 148f:7601 sì ni MT7601U ti MediaTek, òun náà ò ní 5GHz. AC1300 tó jẹ́ ojúlówó sábà máa ń gbé 0bda:b812, àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní nọ́ńbà tiwọn, TP-Link ń lo 2357. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ iw list, ó máa to ohun tí wáì-fáì kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Band 1 ni 2.4GHz, Band 2 ni 5GHz. Wáì-fáì inú láptọ́ọ̀pù náà máa hàn níbẹ̀ o, ẹ rí i pé phy (orúkọ tí Linux fún rédíò wáì-fáì kọ̀ọ̀kan) ti dongle lẹ̀ ń wò, kí wọ́n má baà fi Band 2 ti láptọ́ọ̀pù yín gbá yín. Tí Band 2 ò bá sí lábẹ́ phy dongle tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ID tí ò ní 5GHz tí mo kà yẹn, kò sí driver kankan tó lè fi rédíò tí ò sí nínú chip sí i.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni òǹtajà ń purọ́ ṣá, ká sọ tòótọ́. Chip RTL8812AU ojúlówó ni, 5GHz wà lára ẹ̀, àmọ́ ọdún 2025 ni driver ẹ̀ tó wọ inú kernel, ẹni tó bá ń lo kernel tó ṣáájú ìyẹn á fọwọ́ ṣe é, tí kò bá sì lo DKMS (ètò tó ń tún driver kọ́ fún kernel tuntun), gbogbo ìgbà tí kernel bá yí padà ló máa kú. Òmíràn á jáde bíi CD, 0bda:1a2b, torí driver Windows ni wọ́n kó sínú ẹ̀, ètò usb_modeswitch ló máa yí i padà di wáì-fáì. Ẹ wo dmesg náà (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ): tó bá ní "Direct firmware load for ... failed with error -2", fáìlì firmware (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú dongle fúnra ẹ̀) ni ò sí, ẹ fi linux-firmware sí i lórí Ubuntu, firmware-realtek lórí Debian. Tó bá jẹ́ error -71, ẹ yí ojú USB padà ná. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò yín fún gbogbo ìwọ̀nyí.

Zip yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mi ò sọ pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú tiẹ̀, àmọ́ module (bíi driver) tó bá ti wọnú kernel, kò sí fáìlì tí ò lè kà, kò sí páásíwọ́ọ̀dù tí ò lè mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà tí Bàbá fi ń ṣe NIN àti JAMB àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹni tí wọn ò mọ̀ ní kí wọ́n pa Secure Boot ẹ̀!

Mo fi fọ́tò lsusb àti iw list ránṣẹ́ sí òǹtajà náà. Ó dá owó dongle padà, ó ní owó driver iṣẹ́ lòun ṣe, òun ò ní dá a padà. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ Bàbá, a ń gbé e lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Dongle yẹn ṣì wà lórí status ẹ̀ o, páálí búlúù ni tẹ́lẹ̀, ó ti kó wọn sínú pupa báyìí.