Seismic Unix: mo fi wo abẹ́ iyọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lo Seismic Unix lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi, nínú yàrá tí mo háyà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tó ń sọ ìró tí wọ́n rán sínú ilẹ̀, tó sì ta padà wá, di àwòrán abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn Center for Wave Phenomena ní Colorado School of Mines l'Amẹ́ríkà ló gbé e jáde, kódù rẹ̀ sì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Owó èyí tí àwọn iléeṣẹ́ epo ń lò, apá akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ká a.

Ibi tó ti le ni gbígbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣí Makefile.config, fáìlì ètò rẹ̀, tí ẹ máa sọ ibi tí CWPROOT, fódà tí ẹ kó o sí, wà, bí X11, ètò tó ń gbé àwòrán sójú skríìnì, ò bá sì sí nílẹ̀, àwòrán kankan ò ní yọ. Ọjọ́ méjì ló gbà mí, torí iná ń lọ ó ń bọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ti wọlé tán, ẹ tẹ orúkọ àṣẹ kan lásán, á to gbogbo ohun tó ń fẹ́ síwájú yín. Ìyẹn kọ́ mi ju ìwé lọ.

Iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi dá lé. Màámi ní Ìjẹ̀bú-Igbó bi mí bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Òun náà ni. Ẹ rántí ẹ̀gẹ́ rírìn tí wọ́n dì sínú àpò, tí wọ́n gbé òkúta lé ní ibi gààrí: ibi tí àpò bá ti ya, ibẹ̀ ló máa ń yọ gbà. Ẹrù yanrìn àti amọ̀ orí iyọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọdún, títí á fi yọ sókè bí òpó tàbí bí olú. Ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní etíkun Gabon, Angola àti Brazil. Ní Niger Delta tiwa, amọ̀ tó rọ̀ ló sábà ń ṣe irú rẹ̀.

Ìró máa ń sáré nínú iyọ̀ ju inú òkúta tó yí i ká lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn wà. Mo ṣe ilẹ̀ àfọwọ́dá fún sufdmod2, àṣẹ tó ń ṣírò bí ìró ṣe máa rìn nínú ilẹ̀: òkúta tí ìró ń sáré mítà 2,500 nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iyọ̀ tó nípọn mítà 1,000 láàárín, níbi tí ìró ti ń sáré 4,500. Nísàlẹ̀ pátápátá mo tẹ́ ìpele kan pẹrẹsẹ. Nígbà tí mo fi suximage, àṣẹ tó ń ya àwòrán, wò ó, ìpele mi ti yọ gegele lábẹ́ iyọ̀! Ìró tó gba inú iyọ̀ lọ tó sì gba ibẹ̀ bọ̀ ti fi nǹkan bíi 0.36 ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú èyí tí kò gba inú iyọ̀. Bí mo bá ka gbogbo ilẹ̀ náà sí 2,500, òkè tí kò sí rárá, tó ga tó mítà 440, ni màá rò pé mo rí. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga epo síbẹ̀ ti pàdánù owó rẹ̀.

Mo fún rayt2d, àṣẹ tó ń ṣírò àkókò tí ìró fi ń rìn, ní eré ìró tó tọ́, mo wá fi sukdmig2d, èyí tó ń dá ìpele padà sí àyè rẹ̀, tún àwòrán náà ṣe. Ìpele náà padà tẹ́jú. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ lójú skríìnì láti òsì dé ọ̀tún.

Etí iyọ̀ nìkan ò mọ́ dáadáa. Abẹ́ ibi tí iyọ̀ ti yọ síta ṣíji bo ilẹ̀ ṣókùnkùn. Ọ̀nà ìṣirò tí sukdmig2d ń lò, tí wọ́n ń pè ní Kirchhoff, ò lágbára tó níbẹ̀, àwọn ọ̀nà tó ju ú lọ sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tó tóbi ju tèmi lọ.

Mo ti gbé Seismic Unix sórí láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ kíláàsì mi mẹ́ta. Suplane, àṣẹ tó ń ṣe dátà àdánwò, ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ darí rẹ̀ sí suxwigb tó máa yà á sójú skríìnì (suplane | suxwigb). Bí ìlà mẹ́ta bá yọ, ó ti wọlé dáadáa.