Ká kọ plánẹ́ẹ̀tì sí bọ́ọ̀dù àbí ká tú fíìmù wò?

Ẹ̀yin tíṣà Òṣogbo, èwo lẹ fẹ́ràn? Ti àkọ́kọ́ rọrùn: plánẹ́ẹ̀tì 8, wọ́n ti yọ Pluto láti 2006, Venus ló gbóná jù, ó ju 450°C lọ, ó parí, kọ́mọ há a sórí. Ó dáa fún ìdánwò, mi ò bú u, àmọ́ tí wọ́n bá ti ṣe é tán ó ti fò lọ nìyẹn.

Èkejì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú fíìmù tí wọ́n ti wò nílé. Ọkọ̀ bú gbàù lójú òfurufú lọ́hùn-ún, níbi táwọn plánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ wá bi wọ́n pé afẹ́fẹ́ wo ló gbé ariwo yẹn? Kò sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀ kẹ̀, ohùn ò lè rìn. Àwọn asteroid, ìyẹn òkúta tó ń yí oòrùn po, tí ọkọ̀ inú fíìmù ń yà fún bí ẹni ń yà fún ọ̀kadà ní Ọláìyá ńkọ́? Irọ́ ni jàre, wọ́n jìnnà síra gan-an.

Èyí tó máa ń dá iyàn sílẹ̀ ni ti ISS, ilé ìwádìí tó ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún, gbogbo ọmọ kíláàsì ló gbà pé òòfà ilẹ̀ ò sí níbẹ̀ ni àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ fi ń léfòó, bẹ́ẹ̀ ó wà, bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tiwa níbí, torí bíi 400 km péré ló fi ga, Òṣogbo sí Kano jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ńṣe ni wọ́n ń ṣubú yí ayé po, àwọn àti ọkọ̀ wọn, ni ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn wúwo.

Èkejì lèmi á mú o, pàápàá fún JSS. Àmọ́ kí fíìmù yẹn má gùn, ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù ti tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa rántí 😂