Ìkìlọ̀: ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ní òun fẹ́ sọ ọmọ yín di mọ́dẹ́ẹ̀lì tàbí òṣèré

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó fẹ́ràn eré ṣíṣe àti fọ́tò yíyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. ₦98,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Owó tó fi ọdún kan kó jọ nídìí irun dídì ni. Ó dùn mí wọra, torí èmi gan-an ni mo bá a múra, èmi ni mo sì tẹ̀ lé e débẹ̀.

Orí WhatsApp ni ìkéde náà ti bá wa, wọ́n sì tún lẹ ọ̀kan mọ́ òpó iná ní Pánṣẹ́kẹ́. Wọ́n ní àwọn ń wá mọ́dẹ́ẹ̀lì àti òṣèré tuntun, pé ẹni tó ga, ẹni tó kúrú, kí gbogbo wọn máa bọ̀. Aṣọ ni mò ń rán, ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Ẹni tó ń wá mọ́dẹ́ẹ̀lì fún àfihàn aṣọ máa ń sọ bí mọ́dẹ́ẹ̀lì náà ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, torí wọ́n ti rán aṣọ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Àmọ́ inú wa ń dùn. Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí fíìmù. Àwọn eléré ń wá síbí wá yàwòrán, Túndé Kèlání fúnra rẹ̀, Abẹ́òkúta ló gbé nígbà èwe rẹ̀. A ní bóyá àkókò tiwa náà ló dé yìí. Mo ra àdìrẹ ní Ìtòkú, mo fi rán gáùn fún un. Ọ̀rẹ́ mi kùn ún lójú, ó lẹ irun ìpéǹpéjú mọ́ ọn, a ṣe é bí ìyàwó ọ̀sìngín.

Ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni oníbàárà mi kan tó ti ṣe ìpolówó ọjà rí lórí tẹlifíṣọ̀n wá là mí lóye. Ó ní ojúlówó ẹ́jẹ́ńsì, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá mọ́dẹ́ẹ̀lì àti òṣèré wá iṣẹ́, kì í fẹ́ àtíkè. Kí ọmọ wọ tí-ṣáàtì tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára àti ṣòkòtò tó fún un dáadáa, kó kó irun sẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Fọ́tò tí wọ́n ń béèrè, fóònù lè yà á lẹ́bàá fèrèsé: iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti ìdúró látòkè délẹ̀. Tó bá jẹ́ ti eré, kó há ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ sórí, kó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìmúra náà ò ju ìyẹn lọ, kì bá má ná wa ní nǹkan kan.

Ní ọ́fíìsì wọn l'Ókè-Ìléwó, kò sẹ́ni tó ní kó sọ gbólóhùn kan. Bọ̀ọ̀dá kan tó wọ kóòtù yọ téèpù, ó fi wọn ìbàdí rẹ̀ lórí ìgbànú gáùn náà, ó kọ íǹṣì 26 sílẹ̀. Èmi tí mo rán gáùn yẹn, 29 ni mo wọ̀n. Téèpù náà tilẹ̀ lọ́ lẹ́yìn, mo ń wò ó. Mi ò sọ̀rọ̀, torí gẹ̀ẹ́sì ń já geere lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń dárúkọ àwọn òṣèré ńlá bí ẹni ń dárúkọ àwọn àbúrò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tó fi ní ọmọ ti yege.

Bí owó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ti san ₦3,000 fún fọ́ọ̀mù kí a tó wọlé. Wọ́n gba ₦35,000 fún ìwé fọ́tò, wọ́n ní ọ̀dọ̀ ayàwòrán tiwọn nìkan la ti lè yà á. Lọ́jọ́ kẹfà, ₦60,000 fún ẹ̀kọ́. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń ní ààyè méjì péré ló kù. Àkáǹtì tá a sanwó sí, orúkọ ènìyàn ló jẹ́, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, rìsíìtì wọn ò sì ní àdírẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, torí ibí gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Alágbàtà ni ẹ́jẹ́ńsì. Wọ́n á bá ọmọ wá iṣẹ́, tí oníṣẹ́ bá sanwó, wọ́n á yọ tiwọn, ó sábà máa ń wà láàárín ₦10 sí ₦20 nínú ₦100. Alágbàtà wo lẹ rí ní Kútọ̀ tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọjà wá kí ọjà tó tà? Ẹni tó bá ti gbowó yín ṣáájú, kí ló kù tó fẹ́ torí rẹ̀ wá iṣẹ́ fún ọmọ yín? Ó ti rí tirẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, bọ̀ọ̀dá yìí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan, kó sì dá wá sí hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó ní agogo mẹ́jọ alẹ́ wá pàdé oníbàárà kan láti Dubai. Ọmọ náà gbé fóònù wá fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dúpẹ́ pé ó gbé e wá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jágbe mọ́ ọmọ tó bá fi irú rẹ̀ hàn yín, torí bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní fi èkejì hàn yín. Àjọ NAPTIP ló ń gbógun ti àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò, 627 ni nọ́ńbà wọn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá lọ sí íńtáfíù kankan, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ lọ láìsí òbí tàbí alágbàtọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra rárá, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ lèmi tó ṣe é, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀. Pé orúkọ wà níbẹ̀ náà kò ní kí wọ́n má jalè o, torí náà ẹ ní kí wọ́n fi àwọn tí wọ́n ti bá wáṣẹ́ hàn yín, kí ẹ sì bi àwọn yẹn léèrè fúnra yín. Ní ti eré Yorùbá, ẹ béèrè lọ́wọ́ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti àwọn tó ń ṣe fíìmù, bóyá wọ́n mọ ẹni náà. Ìwé àdéhùn, ẹ gbé e délé kà. Wọn ò jẹ́ ká gbé tiwa kúrò lórí tábìlì.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwòrán ńlá mọ́dẹ́ẹ̀lì kan ṣì wà lára ògiri, oòrùn bọ́ sí i, mo wá rí lẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ tó gba àárín rẹ̀ kọjá, irú èyí tí àwọn tó ń ta fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ̀ sára èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sanwó rẹ̀.

A ti fẹjọ́ sun ọlọ́pàá ní Eléwéran, a sì ti sọ fún báńkì. Bí ẹ̀yin náà bá ti sanwó, ẹ má ju rìsíìtì nù, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá. Nínú àwọn tí wọ́n gbowó wọn, àwa mẹ́ta péré la tíì jáde wá fẹjọ́ sùn. Bẹ́ẹ̀, ìwé orúkọ tí mo rí lórí tábìlì wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú ewé kẹrin ni wọ́n kọ ti àbúrò mi sí.