Oṣù mẹ́rìnlá tí tírélà mi fi wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Kùtọ́nù

285,000 sẹ́fà ni wọ́n yọ nínú owó mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn ò pè mí, wọn ò bi mí. Orí fóònù ni mo ti rí ìwé ìṣirò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ní Paraku, mo ń jẹ iyán lọ́wọ́ lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan. Iyán náà kò gba ọ̀fun mi lọ mọ́. Mo fọwọ́, mo sanwó, mo wọnú ọkọ̀ lọ jókòó, n kò sì tan iná ọkọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé màá kọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹlòmíràn tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tó ń rò ó bóyá kí òun dá wà tàbí kí òun fi ọkọ̀ sábẹ́ ilé iṣẹ́, lè rí nǹkan dì mú. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń ṣe bíi tiwọn pọ̀ ní èbúté Kùtọ́nù, ohun tí mo fẹ́ sọ sì kan gbogbo wọn.

Ọmọ Ṣábẹ ni mí. Èmi ni mo ni ọkọ̀ mi, èmi náà ni mo ń wà á, èmi àti mótóbọ̀ì kan. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi dá wà. Mo máa ń lọ jókòó sí Kùtọ́nù, màá bá àwọn alárinà sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ní ẹrù á pè mí. Bí ẹrù bá jẹ́ ti Nìjẹ̀r, ó tún le sí i, torí àdéhùn tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì fún ọkọ̀ Nìjẹ̀r ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìdá kan ló kù fún àwa ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èmi ṣáà ń rí tèmi jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Malanville, ìlú ẹnu bodè wa pẹ̀lú Nìjẹ̀r, dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, olú ìlú Nìjẹ̀r. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, CEDEAO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (ECOWAS), fi ìjìyà jẹ wọ́n, bodè tì. Mo ti wà ní Malanville pẹ̀lú ìrẹsì lórí ọkọ̀, mo ti wa ọkọ̀ nǹkan bí 730 kìlómítà láti Kùtọ́nù, mo sì ń wo Gaya, ìlú Nìjẹ̀r, ní òdìkejì odò Ọya. Ọjọ́ 41 ni mo lò níbẹ̀. A ń gbé omi nínú jẹ́ríkàn, à ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ bí òjò kò bá rọ̀. Ẹni tó ni ẹrù kò san kọ́bọ̀ fún ìdúró. Alárinà tó fún mi ní iṣẹ́ náà pa fóònù rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n gbé ìrẹsì náà padà sí Paraku, owó ìdajì ìrìn ni wọ́n san fún mi. CEDEAO ká ìjìyà náà kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024, síbẹ̀ ìjọba Nìjẹ̀r kò ṣí ẹnu bodè tiwọn. Ìyàwó mi ló sọ fún mi pé, "Bàbá wọn, ẹ wá ẹni tí ẹ máa fẹ̀yìn tì." Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo fọwọ́ sí ìwé.

Àdéhùn náà rọrùn lójú. Àwọn á máa wá ẹrù àlọ àti ẹrù àbọ̀, àwọn á ṣètò ìwé èbúté àti ìwé adójútòfò ẹrù, orúkọ wọn á wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọ́n á mú ìdá 18 nínú 100 lórí owó ìrìn kọ̀ọ̀kan. Gásóìlì, táyà, àtúnṣe àti owó mótóbọ̀ì, tèmi ni. Wọ́n gba 300,000 sẹ́fà ìdógò lọ́wọ́ mi.

Oṣù bíi mọ́kànlá àkọ́kọ́ dùn, mi ò ní parọ́. Nígbà tí mo dá wà, oṣù kan lè wà tí ìrìn kò ju méjì lọ. Lọ́dọ̀ wọn, kò sí oṣù tó kéré sí márùn-ún. N kò dúró de alárinà mọ́, n kò sì gbé ọkọ̀ òfìfo padà láti Paraku rí.

Wàyí o, Diho. Ní oṣù kejì ọdún 2025, a ń gbé ìrẹsì ní sítọ́ọ̀ kan ní Kùtọ́nù. Ìwé ẹrù sọ pé àpò 720, oníkìlò 50. Ìyẹn tọ́ọ̀nù 36. Ọkọ̀ mi fúnra rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 15, àpapọ̀ rẹ̀ 51, ibẹ̀ gan-an sì ni òfin ìwọ̀n ti UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, parí sí fún irú tírélà mi. A ti bo ẹrù nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣojú ilé iṣẹ́ níbẹ̀ sọ pé ọgọ́ta àpò ló kù nílẹ̀, pé kò yẹ kí wọ́n tún wá ọkọ̀ míràn nítorí rẹ̀. Mo ní rárá. Ó pe ọ́fíìsì, ó gbé fóònù sí mi létí. Ẹni tó ń pín ẹrù ló wà lórí ìlà: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, tiwa ni." Mo gbé e. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà.

Ibùdó ìwọ̀n Diho wà ní agbègbè Ṣábẹ wa níhìn-ín. Mo ti mọ̀ kí n tó gun orí ìwọ̀n. Tọ́ọ̀nù 54 àti díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá mi jà, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe: kí n san owó ìtanràn, kí n sì sọ ohun tó lé kalẹ̀. Mo pe ẹni tó ń pín ẹrù nígbà mọ́kànlá. Nígbà kejìlá ló gbé e: "Bàbá, ẹ ṣètò rẹ̀ ná, a máa rí sí i." Mo wá ọmọkùnrin mẹ́rin, wọ́n sọ ọgọ́ta àpò sílẹ̀ nínú eruku ọyẹ́. Mótóbọ̀ì mi sùn lórí àpò wọ̀nyẹn ní òru méjì, ó fi tapólì bora. Mo háyà ọkọ̀ kékeré ní Ṣábẹ tó kó wọn lọ Paraku. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìtanràn jẹ́ 118,000 sẹ́fà, nínú àpò mi.

Ìwé ìṣirò tí mo rí nídìí iyán ní ìlà mẹ́ta: ẹrù tó pẹ́ dé, àpò méjì tó ya, àti "àìtẹ̀lé òfin ìwọ̀n". Ìlà kẹta yẹn ló gún mi lọ́kàn. Àwọn tó ní kí n gbé e, àwọn náà ló ń bu ìtanràn lé mi lórí lẹ́ẹ̀kejì.

Mo lọ Kùtọ́nù. Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wọn wà. Mo jókòó sórí àga gígùn tó wà ní kọ́rídọ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago kan kọjá. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pín ẹrù kò dìde, kò kí mi. Àbíkẹ́yìn mi jù ú lọ. Fóònù méjì wà níwájú rẹ̀, ó ń wo ọ̀kan bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Faransé ló fi dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá tó já gaara ló fi bẹ̀ mí lórí fóònù lọ́jọ́ tó fẹ́ kí n gbé àpò rẹ̀. Ó ṣí ìwé àdéhùn sí ojú ewé kẹrin, ó fi ìka sí ìlà kan: ọrùn awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹrù wà. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́lùwé mi sì wà nísàlẹ̀.

Mo fa ìwé ìwọ̀n Diho yọ. Ẹ mọ irú ìwé yẹn, pélébé, tó ń dán, bíi rìsíìtì ilé ìtajà ńlá. Ẹ̀yìn gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni mo fi í sí láti ọjọ́ náà, oòrùn Ṣábẹ sì ti jẹ gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bí mo bá dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo ń rí ojú 5 kan àti àmì kan tó lè jẹ́ 4. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà á, ó yí i wò níwá lẹ́yìn, ó gbé e lé tábìlì. Ó ní, "Bàbá, ìwé òfìfo nìyí." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ti ń wá ẹnu ọ̀nà kí n má baà ṣe ohun tí n kò ní lè tún ṣe.

Arábìnrin oníṣirò ló dá mi dúró ní kọ́rídọ̀. Ọmọ Kétu ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀: "Ẹ kú ìrìn o, bàbá wa. Ẹ má tíì lọ." Ó fún mi ní omi kí ó tó bi mí ní ohunkóhun. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo dórí ìwé tó ṣá, ó ní ṣé kò sí ẹni tó ya á ní fọ́tò. Mo pe mótóbọ̀ì mi nísàlẹ̀. Ọmọ náà ti ya á! Ìyá rẹ̀ tó wà ní Ṣábẹ ló fẹ́ fi hàn, kí ìyá náà lè mọ ìdí tí òun fi wà nítòsí ilé tí òun kò sì wọlé. Arábìnrin náà fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó lọ wá ìwé ẹrù ti sítọ́ọ̀ jáde. Lábẹ́ 720, ẹnì kan ti fi bírò míràn kọ "+60", òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé. Màá pè yín."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn rẹ̀ ló pè mí lóòótọ́. Wọ́n dá 240,000 padà. Wọ́n mú 45,000 fún àpò méjì tó ya, mo gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ya. 118,000 tí mo san ní Diho ni wọn ò tíì san títí di òní.

N kò lè kọ èyí kí n má sọ ti Ìdàáṣà. Jíà ọkọ̀ mi bàjẹ́ níbẹ̀ ní aago mọ́kànlá òru, oṣù kan péré lẹ́yìn ìjà wa. Mo pe nọ́ńbà òru wọn láìní ìrètí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mẹ́káníìkì wọn ti ti Bohicon dé. Ilé iṣẹ́ san owó rẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, láìsí èlé. Nígbà tí mo dá wà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọ̀nà Paraku, òru mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ọkọ̀ mi, mo sì ta ìyá màlúù méjì kí n tó rí owó jíà.

Mo ti fẹ́ parí àgbéyẹ̀wò yìí síbẹ̀, pẹ̀lú inú rere. Àmọ́ ní oṣù tó kọjá, oníṣòwò kan tí mo gbé ẹrù fún ní Paraku ń ráhùn nípa owó ọkọ̀, ó sì dárúkọ iye tó san fún ilé iṣẹ́ lórí ìrìn yẹn: 640,000. 455,000 ni wọ́n fún èmi. Mo ṣírò rẹ̀ sára àpò ìrẹsì. Bí ó bá jẹ́ ìdá 18 ni wọ́n mú, 524,800 ló yẹ kó kàn mí. Ohun tí wọ́n mú sún mọ́ ìdá 29. 69,800 ló sá lọ nínú ìrìn kan ṣoṣo. 285,000 tó lé mi kúrò nídìí iyán, ìrìn mẹ́rin àti díẹ̀ ló máa gbé e lọ báyìí, láìsí ìjà, láìsí ìlà kankan nínú ìwé ìṣirò tí mo lè fi ìka tọ́ka sí.

Àbúrò mi kan ń wa tírélà tirẹ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo rò ó fún un, ó ka òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sí mi létí, apá 376. Ó ní bí wọ́n bá ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún san ẹni tó ni ọkọ̀, dandan ni kí ilé iṣẹ́ fún un ní ẹ̀dà ìwé owó ẹrù tí oníbàárà san, kó tó gba owó tàbí lásìkò tó ń gbà á. Owó gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ 15 lẹ́yìn tó bá kó ìwé ìrìn sílẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n máa yọ, àti bí wọ́n ṣe máa ṣírò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú àdéhùn. Bí àdéhùn bá sì parí, ìdógò gbọ́dọ̀ padà láàárín ọjọ́ 45. Ó ní àwọn kan ṣì ń rẹ́ni jẹ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n èèyàn ní ohun tó lè dì mú lọ sílé ẹjọ́.

Mo béèrè ìwé owó ẹrù lọ́wọ́ arábìnrin oníṣirò. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn kọjá agbára mi." Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, ẹ má wulẹ̀ máa bá wọn dúnàádúrà lórí ìdá 15 tàbí 18. Ẹ béèrè pé ìdá 18 ti kí ni, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ máa rí ìwé náà ní gbogbo ìrìn. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé ìwọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á.

Àdéhùn mi parí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbà láti kọ ọ́ sínú tuntun pé wọn ò ní yọ owó kankan láìkọ́kọ́ pè mí. Wọn ò gbà láti máa fi ìwé owó ẹrù hàn mí. Mo rò ó fún òru méjì, mo sì tún fọwọ́ sí i fún oṣù mẹ́fà.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka gbogbo ohun tí mo kọ yóò rò pé mo ṣi nọ́ńbà kọ. N kò ṣì í kọ. Ẹni tó bá ti sùn ọjọ́ 41 sábẹ́ ọkọ̀ ní Malanville yóò mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo ń lọ kó òwú ní Glazoué wá sí èbúté, ẹrù tí màá gbé padà ti wà nílẹ̀ kí n tó tan iná ọkọ̀.