Hítà omi tí iná rẹ̀ kì í dúró, àti ẹni tó ní kí n ra tuntun

Kò tú ìdérí. Kò bẹ̀rẹ̀ wo iná. Báàgì irinṣẹ́ ò kúrò léjìká ọkùnrin tí àwọn tó ta hítà onígáàsì yìí fún wa rán wá, tó fi ní táǹkì ti bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Ó wá gba owó àbẹ̀wò! Houston la wà, nínú òtútù oṣù kìíní. Ìyá mi tó ti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ tuntun ń fi ìkòkò gbé omi gbígbóná láti ilé ìdáná, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá.

Inú ìbínú yẹn ni mo wà tí mo fi pe ilé iṣẹ́ tó ṣe hítà náà gan-an. Ọlọ́run ló fi obìnrin yẹn gbé fóònù. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mò ń gbóòórùn gáàsì. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wa jáde ná. Ó tún bi mí pé: ṣé bí mo bá ti yọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì tí a fi ń tan iná ni iná kékeré, èyí tó máa ń ran iná ńlá tó ń mú omi gbóná, ń kú, àbí ó di ìgbà tí iná ńlá bá ti jó díẹ̀? Mo ní ó di ìgbà tí iná ńlá bá jó. Ó ní kì í ṣe thermocouple nìyẹn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná ń gbóná sí lára, tí ìwọ̀nba iná mànàmáná tó ń mú wá fi ń di ọ̀nà gáàsì mú kó má padé. Ó ní kí n yọjú síbi gíláàsì ìsàlẹ̀. Iná tó yẹ kó jẹ́ búlúù ti pọ́n rúsúrúsú, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́.

Afẹ́fẹ́ ni kò rí fà. Abẹ́ hítà ni àwọ̀n afẹ́fẹ́ wà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ni tiwa sì dúró sí. Òwú aṣọ ti dí i pa. Ó ní kí n pa gáàsì, kó tutù, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn òwú náà dànù. Òwú tó jáde kún ọwọ́ mi méjèèjì. Láti ìgbà náà, iná ò kú mọ́, omi ń gbóná dáadáa.

Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àwọ̀n síbi tí ojú ò lè tó o?

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún hítà náà. Àwọn tó tà á fún wa ò tíì dá owó àbẹ̀wò padà, mo ṣì ń bèèrè rẹ̀.