Ìwé Láńlọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Ń Tà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kóòtù: Ẹ Ra Rìsíìtì, Ẹ Ṣọ́ra Fún Kúìtì Nótíìsì

Lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú àti àwọn oníwèé tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù, ìwé mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tà fún láńlọ́ọ̀dù: búkù rìsíìtì owó ilé, àgíríméǹtì, àti kúìtì nótíìsì. Owó pọ́ọ́kú ni. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ni ìwọ̀n tí a gbé wọn lé níbí, ìwúwo wọn ò sì dọ́gba.

Búkù rìsíìtì ló dáa jù. Dandan ni kí láńlọ́ọ̀dù já rìsíìtì fún owó ilé tó bá gbà, kí ó sì kọ ọjọ́ tó gba owó, orúkọ òun àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kì í sí nínú ọ̀pọ̀ búkù. Ìlà "owó kí ni" nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: owó ilé, 1 oṣù kẹfà 2025 sí 31 oṣù karùn-ún 2026. Láìsí i, ayálégbé tó jẹ gbèsè ọdún kan lè sọ ní kóòtù pé ọdún yẹn gan-an lòun san. Ẹ má sì kó owó iná gbọ̀ngàn, owó gáàdì àti owó ìdógò pọ̀ mọ́ owó ilé. Rìsíìtì tiwọn lọ́tọ̀ ni, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà.

Àgíríméǹtì ṣeé rà, àmọ́ ẹ mú bírò dání. Àwọn kan ṣì ń gbé gbólóhùn owó ọdún méjì kiri. Ẹ fa igi lé e, kí ẹ̀yin àti ayálégbé fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ayálégbé tuntun ò gbọdọ̀ san ju owó ọdún kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ yín kí ẹ gbà á. Ẹni tó ti wà nílé, tó ń san lóṣooṣù, ẹ ò lè gbà ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọlọ́dọọdún, ọdún kan. Fáìnì ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀.

Ìlà tó ń sọ bí ilé ṣe máa pẹ́ lọ́wọ́ ayálégbé ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ohun tí wọ́n sábà tẹ̀ síbẹ̀ ni "lọ́dọọdún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ báyìí". Tí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ ò sì kọ iye ọjọ́ nótíìsì, oṣù mẹ́fà ni òfin máa fún un. Àmọ́ tí ẹ bá kọ "ọdún kan gbáko", pẹ̀lú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, tí ọjọ́ yẹn bá ti pé, kò sí kúìtì nótíìsì mọ́. Nótíìsì ọlọ́jọ́ méje pé ẹ ń lọ kóòtù ti tó. Tí ẹ bá wá gba owó ọdún tuntun láìṣe àgíríméǹtì tuntun, ẹ ti sọ ọ́ di ọlọ́dọọdún nìyẹn.

Ká wá dé orí kúìtì nótíìsì. Èyí tó wọ́pọ̀ lórí àtẹ, olóṣooṣù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún: oṣù kan. Àwọn onílé á kàn kọ orúkọ sí i, wọ́n á gbé e fún ọlọ́dọọdún. Kò wúlò. Tí ọdún ayálégbé bá parí ní 31 oṣù karùn-ún, nótíìsì gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 30 oṣù kọkànlá. Bí ẹ bá pẹ́, tó jẹ́ 28 oṣù kejì lẹ tó fún un, ẹ kọ 31 oṣù kẹjọ sí i. Òfin ò ní kó bọ́ sí ọjọ́ tí ọdún pé gan-an. Ejẹ́ǹtì tó bá máa fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ yín. Ẹ fi lé ayálégbé lọ́wọ́, tàbí àgbàlagbà tó ń gbé nínú ilé náà. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ ya fọ́tò, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀.

(Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá àwọn tó ń fi àléébù nótíìsì sá pamọ́ wí ní 2021, lẹ́yìn tí ìwé ìpẹ̀jọ́ ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìyẹn ò ní kí ẹ máa kọ nótíìsì játijàti.)

Ẹni tó bá rò pé òun á kàn ṣí páànù ilé, kí ayálégbé lè sá, fáìnì tó tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló ń dúró dè é. Òfin yìí ò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkejà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé níbẹ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Nótíìsì ọlọ́jọ́ méje kì í sábà sí lára ìwé tí wọ́n ń tà yìí, bẹ́ẹ̀ òun lẹ gbọ́dọ̀ fún ayálégbé kẹ́ ẹ tó wọ kóòtù. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lẹ́yìn òfin náà fúnra rẹ̀, ẹ lè dà á kọ láìná kọ́bọ̀.